Ṣé ó tó àkókò láti pààrọ̀ kíráǹkì kẹ̀kẹ́ trials mi?

Olùbéèrè, Sheffield

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń fi kẹ̀kẹ́ fò. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kí n tó náwó. Kẹ̀kẹ́ trials onítáyà íǹṣì 26 ni mo ní, irú èyí tí a fi ń fò gun àpáta àti ògiri láìjókòó. Àlòkù ni mo rà á, n kò sì mọ bí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ṣe lò ó. Kíráǹkì ara rẹ̀, ìyẹn apá méjì tí pẹ́dà wà lórí wọn, gùn ní mìlímítà 170, ihò rẹ̀ tó wọ orí ásù (ọ̀pá tó gba àárín fíréèmù kọjá) jẹ́ onígun mẹ́rin ti àtijọ́, fíríwíìlì eléyín 18, èyí tó ń mú bí a bá tẹ pẹ́dà síwájú tó sì ń yí lásán bí a bá yí i sẹ́yìn, wà lára apá ọ̀tún, sípírọ́kẹ́ẹ̀tì eléyín 15 sì wà lẹ́yìn. Láti ìgbà tí mo ti ń fi táyà ẹ̀yìn nìkan fò gun àwọn àpáta Peak District ni mo ti ń gbọ́ ìró kan tó ń dún "kà" nígbàkígbà tí mo bá fi agbára tẹ pẹ́dà. Àwọn tí a jọ ń ṣeré ní kí n ju kíráǹkì náà nù, kí n ra èyí tí wọ́n rọ, tó jẹ́ ti ISIS (ìlànà ásù eléyín tó yàtọ̀ sí onígun mẹ́rin), kí n sì mú gígùn 175 nítorí pé mo ga. Kílò 82 ni mo wọ̀n. Owó ọwọ́ mi kò pọ̀, bí mo bá sì ra kíráǹkì, n kò ní lè ra ohunkóhun mìíràn sí kẹ̀kẹ́ náà títí ọdún yóò fi parí. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó pinnu?

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe, Birmingham

Àbúrò mi, o ṣeun tí o béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí o má tíì gbà pé kíráǹkì ló ń dún. Fíréèmù kẹ̀kẹ́ máa ń gbé ìró káàkiri, débi pé ohun tí o rò pé ó ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ lè jẹ́ ti ibòmíràn pátápátá. Àwọn oníbàárà ti gbé kẹ̀kẹ́ wá bá mi lẹ́yìn tí wọ́n ti pààrọ̀ kíráǹkì tí ìró náà kò sì lọ, nítorí pé bẹ́ríǹ inú pẹ́dà ló ti jẹ. Nítorí náà, tú pẹ́dà méjèèjì, nu tírẹ́ẹ̀dì wọn mọ́, fi gírísì pa wọ́n, kí o sì dè wọ́n padà dáadáa. Rántí pé tírẹ́ẹ̀dì pẹ́dà òsì yí sódì. Lẹ́yìn èyí, gùn ún wò.

Bí ó bá ṣì ń dún, fi kẹ̀kẹ́ náà ti ògiri, di bíréèkì ẹ̀yìn mú, kí o sì mi apá kíráǹkì kọ̀ọ̀kan síwá sẹ́yìn, sínú àti síta. Bí apá méjèèjì bá jọ ń mì pọ̀, bẹ́ríǹ àárín, èyí tí ásù ń yí nínú rẹ̀, ló ti jẹ, kíráǹkì kò ṣẹ̀. Bí ọ̀kan bá ń mì tí èkejì sì dúró gbọn-in, ihò apá tó ń mì ti fẹ̀ nìyẹn. Èyí ló burú jù, nítorí pé alumíníọ̀mù rọ̀ ju irin ásù lọ, bí igun ihò náà bá sì ti jẹ, bí o ti wù kí o fún bóòtì rẹ̀ tó, yóò tún tú. Yọ bóòtì náà kí o wo inú ihò. Bí orí ásù bá ti yọ dé ìta tó fi jẹ́ pé bóòtì ń ti orí ásù dípò kí ó máa ti apá kíráǹkì, apá náà ti parí iṣẹ́.

Má gbàgbé fíríwíìlì. Èyí tó ní ibi ìmú 72 ní yíyípo kan máa ń mú ní digírì márùn-ún márùn-ún. Èyí tó ní 108 máa ń mú ní digírì mẹ́ta àti díẹ̀. Bí ìdọ̀tí bá wọ inú rẹ̀, tàbí bí ẹnìkan bá ti ki gírísì tó ki sínú rẹ̀, ahọ́n inú rẹ̀ lè má tètè dìde, kí ó wá fò bọ́ sórí eyín kejì lójijì pẹ̀lú irú ìró tí o ṣàpèjúwe yẹn. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí o wà lórí táyà ẹ̀yìn, tí o sì ń fà láti fò, pẹ́dà yóò sá lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, ìwọ yóò sì fi àyà lu ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Èyí léwu tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ fíríwíìlì wò kí wọ́n tó dá kíráǹkì lẹ́bi.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, Manchester

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n. Mo kàn fẹ́ fi kún un ohun tí ojú kíráǹkì ń rí nínú eré tiwa, nítorí pé iṣẹ́ irin ni mo kọ́, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń dùn mí nígbà tí mo bá rí ẹni tó farapa lórí ohun tí a lè rí ṣáájú.

Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ máa ń jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń tẹ pẹ́dà díẹ̀díẹ̀. Àwa kì í jókòó rárá. Gbogbo ara wa wà lórí pẹ́dà méjì tó wà ní ìbú, bíréèkì wà ní dídì, a ó sì fò láti ibẹ̀. Kílò 82 tó dúró lórí pẹ́dà kan, ní òpin apá tó gùn ní mìlímítà 170, ń yí ásù pẹ̀lú nǹkan bí Newton-mítà 137, ìyẹn ní ìdúró jẹ́ẹ́. Bí ẹni náà bá já bọ́ láti orí ògiri tó ga dé ìbàdí, iye náà yóò pọ̀ sí i lọ́nà tó lágbára, bí eékún rẹ̀ àti táyà rẹ̀ bá ti gba agbára náà sí ló máa pinnu iye rẹ̀.

Ẹ wá wo ọ̀nà tí agbára náà ń gbà kọjá. Apá ọ̀tún ló gbé fíríwíìlì, nítorí náà ohun tí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá tẹ̀ ń lọ tààrà sí ṣéènì láìyí ásù rárá. Ti ẹsẹ̀ òsì kò rí bẹ́ẹ̀: ó gba apá òsì wọ ihò apá òsì, ó yí ásù láti òpin kan dé òpin kejì, ó gba ihò apá ọ̀tún jáde, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ fíríwíìlì. Ojú ìsopọ̀ méjì ni ó ń dán wò lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bi yín léèrè: ẹsẹ̀ wo ni ẹ máa ń fi síwájú nígbà tí ẹ bá dúró láti fò? Bí ó bá jẹ́ òsì, ihò apá òsì àti ojú pẹ́dà òsì (ibi tí pẹ́dà ti wọ apá náà) ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ohun tí ISIS mú wá ni pé ásù rẹ̀ nípọn ju ti onígun mẹ́rin lọ, inú rẹ̀ ṣófo, eyín mẹ́wàá ló sì fi di apá kíráǹkì mú dípò ojú mẹ́rin. Chris King, Race Face àti Truvativ ni wọ́n jọ gbé ìlànà ìwọ̀n náà kalẹ̀ tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti lò. Ó ní àléébù tirẹ̀ o: nítorí pé ásù náà nípọn, àyè tó kù fún bẹ́ríǹ kéré, bẹ́ríǹ rẹ̀ sì máa ń tètè jẹ lára kẹ̀kẹ́ tó ń rin ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀sùn yìí kò fi bẹ́ẹ̀ kan àwa, nítorí pé a kì í wa kẹ̀kẹ́ wa lọ jìnnà.

Lórí ọ̀rọ̀ rírọ àti gbígbẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ yín kò purọ́. Kíráǹkì tí wọ́n rọ, iṣan inú irin rẹ̀ ń tẹ̀lé ìrísí apá náà. Èyí tí wọ́n gbẹ́ láti ara òkúta alumíníọ̀mù, ọ̀bẹ ẹ̀rọ ti gé iṣan náà kọjá ní ibi púpọ̀. Ṣùgbọ́n gbígbẹ́ nìkan kò sọ ọ́ di èyí tí kò dára. Irú alumíníọ̀mù tí wọ́n lò ṣe pàtàkì, nítorí pé 7075 le ju 6061 lọ dáadáa, bí wọ́n sì ṣe tẹ́ igun rẹ̀ ṣe pàtàkì bákan náà, torí igun tó mú ni ibi tí sísán ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èyí ni ohun tó ká mi lára jù. Irin gidi lè gba ẹrù títí láé bí ẹrù náà kò bá ti kọjá ìwọ̀n kan. Alumíníọ̀mù kò ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìfò ni ó ń kà, gbogbo ìjábọ́ ni ó ń kà, títí tí yóò fi sán, sísán náà yóò sì máa gùn láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, títí tí apá náà yóò fi já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá já, ẹsẹ̀ yóò bọ́ sílẹ̀, ojúgun yóò sì bá etí irin tó mú bí ọ̀bẹ pàdé. Àlòkù ni ẹ rà, ẹ kò sì lè mọ iye tí ó ti kà kí ó tó dé ọwọ́ yín.

Nítorí náà ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí, kò ní ná yín lówó. Ẹ tú apá méjèèjì kúrò lára kẹ̀kẹ́, ẹ fi sípíríìtì nù wọ́n títí tí ìdọ̀tí kankan kò fi kù. Ẹ fi epo ẹ̀rọ tó ṣàn dáadáa pa ojú ihò pẹ́dà, ní iwájú àti lẹ́yìn, àti yíká ihò onígun mẹ́rin. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, kí ẹ wá nu epo náà kúrò gbẹ́ríngbẹ́rín pẹ̀lú aṣọ tó gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ ṣọ́ọ̀kì funfun kúnná, kí ẹ bu wọ́n ọn. Bí ó bá sán níbìkan, epo tó ti wọ inú rẹ̀ yóò máa jáde padà, yóò sì fa ìlà dúdú tín-ín-rín sórí ṣọ́ọ̀kì náà. Ẹ fi èékánná fa ìlà náà kọjá: ibi tí nǹkan kàn ti họ ọ́, èékánná máa ń mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ibi tó bá sán, èékánná á kọ́, ṣùgbọ́n kò ní mọ ìsàlẹ̀.

Ìyá Eléré, London

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi ló ń gun kẹ̀kẹ́ trials onítáyà íǹṣì 20, mo sì máa ń gbé e lọ síbi ìdíje, nítorí náà ọ̀rọ̀ gígùn ni mo fẹ́ dá sí.

Ọmọ mi, má tẹ̀lé ẹni tó ní kí o mú 175 kìkì nítorí pé o ga. Lórí kẹ̀kẹ́ íǹṣì 20, 160 sí 165 ni mo ń rí lára wọn; lórí íǹṣì 26, 170 sí 175. O ti wà láàárín ibi tó yẹ kí o wà. Láti 170 sí 175, agbára tí ẹsẹ̀ rẹ yóò fi tayọ ti tẹ́lẹ̀ kò pé ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì yóò sì jìnnà síra wọn ní mìlímítà mẹ́wàá sí i. Fún ẹni tó ti mọ́ lára láti dúró lórí pẹ́dà ní ìdúró kan, mìlímítà mẹ́wàá yẹn kì í ṣe kékeré.

Bí ó bá jẹ́ pé ó ń wúwo jù fún ọ láti tẹ̀, pààrọ̀ sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn láti eléyín 15 sí eléyín 16. Ìyàtọ̀ tí ìyẹn yóò ṣe ju ìlọ́po méjì ti kíráǹkì tó gùn lọ, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Èrò mi ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ kíráǹkì nítorí pé kò lágbára mọ́ pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe é nítorí gígùn nìkan.

Ọmọ Glasgow

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi, èrò tèmi yàtọ̀. Olùbéèrè ti sọ pé owó kan ṣoṣo ni òun ní fún gbogbo ọdún. Èmi rò pé bíréèkì ló yẹ kí owó náà lọ sí. Kò sí ohun tó ń ran ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìfò orí táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ tó bíréèkì tó ń di táyà mú pinpin láìyọ̀. Bí kẹ̀kẹ́ náà bá ní Magura HS33, èyí tó ń lo epo láti fún rímù, kí olùbéèrè tú u wò bóyá afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, kí ó sì yẹ rímù wò bóyá ìlà tí wọ́n fi ẹ̀rọ lọ sí i lára kí ọ̀já bíréèkì lè rí i dì mú ti jó tán. Títún rímù lọ̀ kò gba ju àárọ̀ kan lọ, kẹ̀kẹ́ náà yóò sì dà bí tuntun lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló kọ́ eré yìí lórí ásù onígun mẹ́rin tí ohunkóhun kò sì ṣe wá.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, Manchester

Ọ̀rọ̀ bíréèkì tí ẹ sọ dára, mo sì gbà pé òun ni kí owó kọ́kọ́ lọ sí bí kíráǹkì bá yege nínú àyẹ̀wò. Ohun tí n kò lè gbà ni gbólóhùn tí ẹ fi parí rẹ̀. Àwọn tí ohunkóhun kò ṣe ni wọ́n ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀. Bíréèkì tí kò dára máa ń fi ara rẹ̀ hàn lójoojúmọ́, ẹ ó sì máa ṣọ́ra fún un. Kíráǹkì tó ti sán kì í fi ohunkóhun hàn yín títí di ìgbà tí ó bá já. Nítorí náà, àyẹ̀wò ni kí ó pinnu ibi tí owó yóò lọ.

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe, Birmingham

Kí olùbéèrè tó padà wá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí pípààrọ̀ náà yóò kó wá, nítorí pé apá kíráǹkì nìkan kọ́ ni owó yóò bá lọ.

Kíráǹkì ISIS kò lè wọ ásù onígun mẹ́rin, nítorí náà ìwọ yóò ra bẹ́ríǹ àárín tuntun pẹ̀lú ásù rẹ̀. Wọn ìbú ihò fíréèmù náà, yálà mìlímítà 68 tàbí 73. Ásù ISIS wà ní oríṣiríṣi gígùn, 108, 113, 118 àti 128. 128 wọ́pọ̀ lára kẹ̀kẹ́ trials nítorí pé fíríwíìlì àti irin ààbò nílò àyè. Kí o tó rà á, wọn ibi tí fíríwíìlì rẹ dúró sí nísinsìnyí láti àárín fíréèmù, kí o sì wọn ti sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn. Méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan náà. Ṣéènì tó wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò fò kúrò lórí eyín ní ọjọ́ tí o bá fà á jù.

Fíríwíìlì rẹ lè bọ́ sára kíráǹkì tuntun bí kíráǹkì náà bá jẹ́ ti fíríwíìlì iwájú, torí tírẹ́ẹ̀dì kan náà, íǹṣì 1.37 oníyípo 24 nínú íǹṣì kan, ni wọ́n ń lò. Ṣọ́ra kí o má ra kíráǹkì tí wọ́n ṣe fún kẹ̀kẹ́ tí fíríwíìlì rẹ̀ wà lẹ́yìn, èyí tí kò ní tírẹ́ẹ̀dì kankan lára apá ọ̀tún. Bí o bá rà á, ó di dandan kí o pààrọ̀ họ́ọ̀bù ẹ̀yìn pẹ̀lú.

Bí o bá pinnu láti dúró lórí onígun mẹ́rin, tí apá kan ṣoṣo sì ni o fẹ́ pààrọ̀, mọ̀ pé oríṣi méjì ni ó wà, JIS àti ISO. Dídagun wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n orí wọn kò tóbi bákan náà, bí o bá sì da wọ́n pọ̀, apá náà kò ní jókòó síbi tó yẹ. Má sì ra kíráǹkì àlòkù láti fi rọ́pò kíráǹkì àlòkù. Ohun tí ò ń sá fún gan-an ni ìwọ yóò tún fi owó rà.

Olùbéèrè, Sheffield

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti ṣe gbogbo ohun tí ẹ ní kí n ṣe.

Lẹ́yìn tí mo fi gírísì sí tírẹ́ẹ̀dì pẹ́dà, ìró náà dínkù ṣùgbọ́n kò lọ. Fíríwíìlì náà ń mú dáadáa ní gbogbo ibi. Nígbà tí mo mi apá kíráǹkì, ti ọ̀tún dúró gbọn-in, ti òsì ń mì díẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì náà sì ni mo máa ń fi síwájú. Mo tú apá òsì, mo fi epo àti ṣọ́ọ̀kì yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹ ṣe ṣàlàyé. Yíká ihò onígun mẹ́rin, kò sí ohun tó hàn bí kò ṣe pé igun méjì ti jẹ tí wọ́n sì ń dán. Ṣùgbọ́n ní ojú pẹ́dà, ní ẹ̀gbẹ́ tó kọ sí fíréèmù, ìlà dúdú kan jáde lórí ṣọ́ọ̀kì láti etí ihò lọ sí etí apá náà. Mo tún un nù, mo tún un ṣe, ó jáde ní ibì kan náà. Èékánná kọ́ ọ.

Mo ti pinnu báyìí pé kíráǹkì ISIS tí wọ́n rọ ni n ó rà, pẹ̀lú bẹ́ríǹ àárín rẹ̀, ní gígùn 170 tí mo ti mọ̀ lára. Bíréèkì yóò dúró di ọdún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n n ó tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde fúnra mi. N kò tíì tún gun kẹ̀kẹ́ náà láti ìgbà tí mo ti rí ìlà yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún nígbà tí mo bá ń dè é?

Ọmọ Glasgow

Ẹ kú orí ire. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà ní ti kẹ̀kẹ́ yìí. Bí ẹ bá fẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń tú afẹ́fẹ́ inú bíréèkì, ẹ kọ̀wé sí mi.

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe, Birmingham

Inú mi dùn pé o rí i nílé, kì í ṣe lórí àpáta.

Kọ́kọ́ tú fíríwíìlì kúrò lára apá ọ̀tún àtijọ́. Yóò le, nítorí pé gbogbo ìgbà tí o bá tẹ pẹ́dà ni o ń dè é sí i. Ra irin ìtú tó bá ihò ojú rẹ̀ mu, de irin náà mọ́lẹ̀ sínú báìsì, gbé fíríwíìlì lé e, kí o sì fi apá kíráǹkì náà ṣe ọwọ́ láti yí i. Irin tí wọ́n fi ń fa kíráǹkì onígun mẹ́rin yọ kò lè fa ti ISIS, torí orí rẹ̀ yóò wọ inú ihò ásù tó ṣófo; wá èyí tí orí rẹ̀ tóbi.

Nínú fíréèmù tó ní tírẹ́ẹ̀dì ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́ọ̀pù ọ̀tún bẹ́ríǹ àárín yí sódì, ti òsì kò yí sódì. Fi gírísì pa méjèèjì. Fi ọwọ́ yí wọn wọlé ní ọ̀pọ̀ yíyí kí o tó mú sípánà, nítorí pé tírẹ́ẹ̀dì fíréèmù tó bá bàjẹ́ yóò ná ọ ju kíráǹkì lọ. Rí i pé eyín apá kíráǹkì wọ eyín ásù gééré kí o tó fún bóòtì, kí o sì lo sípánà tó ń ka agbára tí o fi fún un. Iye tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ sínú ìwé rẹ̀ ni kí o tẹ̀lé. Lẹ́yìn tí o bá ti fi kẹ̀kẹ́ náà ṣeré fún ìgbà àkọ́kọ́, tún bóòtì méjèèjì yẹ̀ wò kí o tó tún gùn ún, nítorí pé apá tuntun máa ń jókòó wọlé díẹ̀ sí i.

Ní ti apá òsì àtijọ́, fi ayùn irin gé e sí méjì kí o tó jù ú sínú àkójọ irin, kí ọmọ ẹnikẹ́ni má bàa rí i he kí ó sì fi sára kẹ̀kẹ́ rẹ̀.